Ẹ̀wù Òtútù Lórí Apá Kẹtàdínlógún

Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tí ọ̀pá irin tó wà nínú ẹ̀rọ kẹtàdínlógún já. Kò pariwo. Ó kàn ta pá lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lórí orúnkún, apá irin gígùn tó wà lókè rẹ̀ sì já lulẹ̀ gbì. Ẹ̀wù òtútù Clement Staniforth, tó ti wà lórí apá náà láti àárọ̀, yọ̀ bọ́ sílẹ̀ tòun ti àpò oúnjẹ rẹ̀.

Clement dìde nídìí tábìlì. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé òróró wà nílẹ̀ yẹn, ẹ̀wù náà yóò bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọrùn ẹ̀wù mú, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e. Ẹ̀rọ tó ti kú kì í já. Ẹ̀rọ yìí ti jí, òun kò sì mọ ọjọ́ tó jí.

Yàrá ìdánwò náà wà ní ìpẹ̀kun ọgbà ilé-iṣẹ́ irin kan ní Attercliffe, lápá ibi tí gbogbo ògiri ìlú Sheffield ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, ìlà méjì. Nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so ọ̀pá irin tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ rọ̀ sínú ìléru kékeré tí iná rẹ̀ pọ́n, wọ́n á gbé ìwọ̀n sí ìdí apá gígùn tó wà lókè, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún oṣù tàbí fún ọdún. Irin tí iná ń jó, tí ẹrù sì wà lọ́rùn rẹ̀, a máa nà díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, títí ọjọ́ kan tí yóò já. Apá náà ló ń sọ ẹrù kékeré di ńlá: pọ́n-ùn kan tí wọ́n bá gbé sí ìdí rẹ̀, ogún pọ́n-ùn ni ọ̀pá irin yóò mọ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rìn jẹ́jẹ́ nínú yàrá náà, tí wọn kì í sì í gbá ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fi ara gbá apá ẹ̀rọ kan, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìlà kìíní ni Clement ń kà lójoojúmọ́, tó ń kọ bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ti nà tó sínú ìwé. Ìlà kejì, tó wà lẹ́yìn ìgànnà pákó, jẹ́ ti Beryl Shirtcliffe, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n fi sábẹ́ Clement. Àgbàlagbà ẹ̀rọ ni kẹtàdínlógún. Ó wà nínú ìlà Beryl, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n ti lu ihò sára ìgànnà kí ìdí rẹ̀ lè yọ sí igun tí Clement ń jókòó sí. Ọdún mẹ́fà ni kò fi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi òpó igi kékeré kan gbé apá náà ró, ó sì di ìkọ́ ẹ̀wù. Kò sí yàrá mìíràn tó móoru tó bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà náà. Ẹ̀wù tó rin gbindin láàárọ̀, tí èèyàn bá fi kọ́ ibẹ̀, yóò ti gbẹ kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Clement gbọn ẹ̀wù náà, ó wọ̀ ọ́, ó gbé àpò rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló tó pè.

"Beryl!"

Beryl ti ń bọ̀, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. "Ọ̀gbẹ́ni Staniforth, kí ló dún yẹn?"

"Kẹtàdínlógún ló já."

"Yéè! Irin Ọ̀gá Oxspring!" Ó wo aago ara ògiri, ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. "Ẹgbẹ̀rún kan, ọgọ́rùn-ún méje àti méjìlélọ́gbọ̀n wákàtí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló yẹ kó lò. Yéè, bàbá yẹn á kú."

"Ọjọ́ wo lẹ fi iná sí i?"

"Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní. Ẹ ò sí níbí nígbà yẹn. Ìgbà tí… ìgbà tí ẹ ń dúró de ìsìnkú ìyàwó yín."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

"Ta ló fẹ́ lọ máa ro ẹjọ́ ẹ̀rọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Nígbà tí ẹ padà dé, ẹnikẹ́ni ò lè wo ojú yín. Mo rò pé ẹ ti rí i pé wọ́n ti yọ òpó ìdí rẹ̀." Ó wá wò ó dáadáa. "Kí lẹ wá wọ ẹ̀wù òtútù sí?"

"Òtútù ń mú mi ni."

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ yàrá yẹn, kò tíì sí ẹni tí òtútù mú níbẹ̀. Beryl lọ fóònù sí Ọ̀gá Oxspring.

*

Ọdún 1963 ni, ọdún tí yìnyín kò kúrò nílẹ̀ láti ẹ̀yìn Kérésìmesì títí di oṣù kẹta. Nora, ìyàwó Clement, kú lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ní aago márùn-ún àárọ̀, inú rẹ̀ ló ń dùn ún láti ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́wàá ni òkú fi dúró. Ilẹ̀ ti gan, àwọn agbẹ́lẹ̀ fi iná èédú jó ojú sàréè fún ọjọ́ méjì kí dígà tó lè wọlé. Clement dúró tì wọ́n lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fún un ní tíì nínú ife tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́. Kò gbàgbé ife náà. Kò gbàgbé ohunkóhun rí nínú ohun tó ń dun èèyàn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Yìnyín kún èjìká rẹ̀. Ó fi ẹ̀wù kọ́ ibi tó ti ń fi kọ́ láti ọdún mẹ́fà, ó fi okùn àpò oúnjẹ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Kò wo ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá òpó wà níbẹ̀. Bó ti ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn títí apá náà fi wó. Ní alẹ́ ọjọ́ tó já yẹn, ó ka àwọn ọjọ́ náà lórí ìka, ó yọ ọjọ́ Àìkú kúrò: ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọgbà yẹn, tó ń fi ọwọ́ lásán ṣa àjákù irin sínú kẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, páálí wà nínú bàtà rẹ̀ níbi tí awọ ti jẹ. Ó fi máàkì méjì pàdánù ìdánwò ọdún kẹrin, ó sì tún ọdún náà ṣe. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní ẹ̀wù funfun ti yàrá ìdánwò, Nora gbé e sókè lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ wá wo ọkọ mi o, ó ti di dókítà irin." Gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń fọ ẹ̀wù náà. Nísinsìnyí, Clement ló ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kì í sì í mọ́.

Ó mọ̀ pé bí òun bá la ẹnu, wọn yóò bọ́ ẹ̀wù yẹn lọ́rùn òun. Olórí yàrá tó sọ apá ẹ̀rọ di ìkọ́ ẹ̀wù! Wọn yóò fi rẹ́rìn-ín títí dé Rotherham, ìlú kejì.

*

Lionel Oxspring ló ni irin náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó tẹ̀ lẹ́yìn díẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá irin tí wọ́n lè fi ṣe páìpù fún àwọn ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀, níbi tí gáàsì gbígbóná ń gba inú páìpù kọjá tọ̀sán-tòru, tí iná sì ń jó ara rẹ̀ lóde. Páìpù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kì í pé ọdún méjì tó fi ń wú bí ikùn aboyún, tí yóò sì bẹ́. Oxspring po irin pọ̀ lọ́nà méjìlélọ́gọ́ta, kò gún. Ẹ̀ẹ̀kẹtàlélọ́gọ́ta, ó fi èròjà kan sí i tí kò tó iyọ̀ inú ọbẹ̀, irin náà sì dúró. Ọ̀pá méjì tí wọ́n gé lára èyí tó kọ́kọ́ yọ́ nínú ìkòkò kékeré kọjá ẹgbẹ̀rún márùn-ún wákàtí. Àwọn oníbàárà ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ́ ọ nínú ìléru ńlá, kí wọ́n gé ọ̀pá kan lára ìyẹn náà, kí àwọn rí i. Ìṣù irin tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n yọ́. Ọ̀pá tí wọ́n gé lára rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ kẹtàdínlógún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìpàdé nínú yàrá Ọ̀gbẹ́ni Ravenscroft, ọ̀gá àgbà. Ẹni tí àwọn oníbàárà rán wá jókòó síbi fèrèsé, kò bọ́ fìlà. Beryl gbé ìwé rẹ̀ wá, Clement dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀pá méjì kọjá," Oxspring ń sọ. "Ẹyọ kan ló já. Ẹ jẹ́ kí n gé òmíràn lára ìṣù kan náà. Oṣù méje péré ni mo ń tọrọ."

"Ọ̀gbẹ́ni Oxspring," ẹni fìlà dá a lóhùn, "ọbẹ̀ tó dùn nínú ìkòkò ilé, tó wá kan nínú ìkòkò àsè, ṣé ẹ máa bù ú fún àlejò ni? Ìkòkò àsè làwa fi ń jẹun. Àwọn èèyàn wa ń gba ẹ̀gbẹ́ páìpù yẹn kọjá lójoojúmọ́."

Ravenscroft yíjú. "Staniforth, ìwọ lo ni yàrá yẹn. Ṣé iná ẹ̀rọ náà ṣe ségesège? Ṣé ìwọ̀n tí wọ́n gbé sí i kò péye?"

Clement ní, "Iná dúró ṣánṣán, sà. Ìwọ̀n tí wọ́n gbé sí i péye."

Kò purọ́. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Oxspring mi orí sí i, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí tó sọ òtítọ́, ìyẹn sì wọ Clement lára ju èébú lọ. Kí aago mẹ́rin tó lù, àwọn oníbàárà ti mú irin ilé-iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ọgbà kí wọ́n tó ṣíwọ́. Wilf Housley, tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù, òun àti Clement ni wọ́n jọ ṣa àjákù irin nígbà èwe. Ní ilé oúnjẹ, ó gbé ife tíì rẹ̀ sókè.

"Clement! Tọ́fì Oxspring ńkọ́? Ṣé ó ti nà dé Rotherham, àbí ó ṣì wà lọ́nà?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ọmọ mi ní kí n bá òun gba ẹyọ kan. Ó ní kó máà le jù o, eyín òun ń mì."

"Wilf, gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún."

"Ẹ wò ó, ẹ̀wù funfun ti bínú! Jọ̀ọ́, dókítà irin, má fi abẹ́rẹ́ gún mi." Wilf sún mọ́ ọn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má bínú, jàre. Ọ̀rọ̀ Nora ò tíì kúrò lára ẹ, mo mọ̀. Eré ni mò ń ṣe."

Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ irin náà. Tọ́fì, bíi ti àwọn ọmọdé tó máa ń nà bí wọ́n bá fà á, ni wọ́n ń pè é, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, Wilf ló tún sọ fún un, láìmọ̀ pé òun ń sọ ohunkóhun: "Tọ́fì yín ń padà sínú ìléru ní Ọjọ́bọ. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ ọgbà mọ́ kí a tó lọ ìsinmi."

Clement gbé ife sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣù náà bá wà nílẹ̀, a lè gé ọ̀pá mìíràn lára rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́, òtítọ́ sì lè dúró. Bí wọ́n bá yọ́ ọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé bóyá irin náà dára. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kan ilẹ̀kùn Oxspring. Ọkùnrin náà ń to àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó ń fi ẹnu súfèé. Clement kò gbọ́ súfèé lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Wọlé, Clement, wọlé. Jókòó síbẹ̀ yẹn, kó àwọn ìwé yẹn sílẹ̀. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, o gbọ́? Ìyàwó mi ń jó. A máa lọ gbé ní Bridlington, lẹ́bàá òkun, ní ilé àbúrò ẹ̀."

"Ọ̀gá, mo…"

"Má kẹ́dùn nítorí mi. Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń jí lóru máa ṣírò. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Irin yẹn ò dáa ni. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá ti gbà, ara á tù ú."

Clement ronú láti dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ gbé e. Ọkùnrin yìí ti rí oorun, kí ló dé tí òun fẹ́ jí i? Ṣùgbọ́n ìṣù irin náà wà nílẹ̀ lóde lábẹ́ òjò, Ọjọ́bọ sì ń bọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀wù òtútù mi ni mò ń fi kọ́ apá kẹtàdínlógún. Ẹ̀wù àti àpò oúnjẹ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti fi iná sí i. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

Oxspring rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gbọ́ ibi tí àpárá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kúrò.

"Ẹ̀wù tó wà lára ẹ yìí?"

"Òun ni, sà."

"Ṣé omi máa ń wà lára ẹ̀?"

"Lójoojúmọ́, àfi ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti ka iye ọjọ́ tó gbẹ."

Oxspring na ọwọ́. Clement bọ́ ẹ̀wù náà fún un. Ọkùnrin náà gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi tó wà ní ìta yàrá, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ omi títí ó fi rin, ó fún un díẹ̀, ó ní kí Clement wò ó bóyá bó ti máa ń rí nìyẹn. Clement ní kí ó fún un díẹ̀ sí i. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, omi ń kán sí bàtà àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé àpò náà lé e. Pọ́n-ùn mẹ́tàlá.

"Lọ́nà ogún," Oxspring sọ jẹ́jẹ́. "Igba ó lé ọgọ́ta. Ẹgbẹ̀rún kan ló ń gbé tẹ́lẹ̀. O fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù rẹ̀ lọ kún un." Ó mú pẹ́ńsù, ó ṣírò lẹ́yìn àpòòwé kan, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ṣé òun ló já a, sà?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ pé á lo ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ wákàtí ká ní o ò fọwọ́ kàn án. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré, kó tún já náà ni. Ìṣirò ò lè sọ ọ́. Àfi ọ̀pá mìíràn." Ó gbé ojú sókè, Clement sì rí i pé oorun ti kúrò lójú yẹn. "Ọ̀sẹ̀ méjì, Clement. O dúró nínú yàrá yẹn, o ní ìwọ̀n tí wọ́n gbé sí i péye."

"Ẹ̀rù bà mí, sà."

"Ẹ̀rù." Oxspring gbé ẹ̀wù tó ń kán náà fún un. "Lọ bá Ravenscroft láàárọ̀. Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ náà ni kó o sọ ọ́ fún un, má yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀."

*

Ravenscroft gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Clement ti bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ti ká a sínú àpò ìwé, ó gbé e lé orí tábìlì ọ̀gá kí wọ́n má baà ní láti bèèrè rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ariwo kò wá.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ọ̀gá Oxspring, sà. Kò sí ẹlòmíràn."

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?"

"Rárá, sà."

Ravenscroft dìde, ó tún fa ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì tẹ́lẹ̀ mọ́ dáadáa. "Staniforth, gbọ́ mi. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn èèyàn ti ń ra irin wa nítorí nọ́ńbà tó ń jáde láti yàrá yẹn. Tí mo bá fóònù sí àwọn oníbàárà, tí mo ní ẹ̀wù kan wà lórí apá kan, ohun tí wọ́n máa bi mí ni pé: àwọn apá yòókù ńkọ́? Gbogbo ọ̀pá tó ti kọjá níbẹ̀, wọ́n á ní kí n tún un dán wò. Nítorí irin kan tó lè jẹ́ pé kò dáa náà ni."

"A lè dán an wò, sà. Ìṣù náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kàn ní kí wọ́n má yọ́ ọ."

"Tó bá wá dáa ńkọ́? Á di dandan kí n sọ ìdí tí a fi sọ pé kò dáa." Ó fi ìka ti àpò ìwé náà padà. "Wọ ẹ̀wù ẹ. Ìwọ ni olórí yàrá yẹn, ìwọ náà lo máa jẹ́. Wá ìkọ́ kan kàn mọ́ ògiri. Ohun tá a sọ níbí, ibí ló parí sí."

"Ẹ lé mi lọ, sà."

"Tí mo bá lé ẹ, wọ́n á bèèrè ìdí." Ó ti ń wá ìwé mìíràn lórí tábìlì. "Ó tó."

Clement jáde, ó dúró ní ọ̀nà àárín, àpò ìwé lọ́wọ́. Ó ti rò pé jíjẹ́wọ́ ni ó ṣòro. Kò rò ó rí pé èèyàn lè gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ síwájú onídàájọ́, kí onídàájọ́ sì ní kó gbé e padà sílé. Ó wọ ẹ̀wù funfun náà níbẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè fi í ṣe.

Nínú yàrá ìdánwò, Beryl ti ṣí ìwé sí ojú ewé ẹ̀rọ kẹtàdínlógún. Àyè kékeré kan ló kù nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ ìdí tí ọ̀pá fi já.

"Ọ̀gá àgbà fóònù," ó ní. "Ó ní kí n pa ojú ewé náà dé. Ó ní kí n kọ ọ́ pé irin náà kò lágbára tó. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Beryl gbé kálàmù dúró, ó ń wo ojú Clement. Láti ọjọ́ tó ti rí i tó wọ ẹ̀wù òtútù nínú ooru ni nǹkan kan ti ń yí lọ́kàn rẹ̀, Clement sì mọ̀. Bí ó bá bi òun, òun yóò sọ fún un. Kò bi í.

"Kọ ohun tí wọ́n ní kí o kọ," Clement dáhùn.

Ó kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yára, létà rẹ̀ máa ń tò létò. "Ó yẹ kí n sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ padà dé," ó sọ láìgbé ojú sókè. "Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ń jẹ búrẹ́dì láìyọ bébà ara rẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á."

"Kì í ṣe ẹjọ́ tìẹ, ọmọ mi."

"Mi ò mọ ẹjọ́ ta ni," Beryl sọ, ó sì pa ìwé náà dé.

*

Ní Ọjọ́bọ, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Clement lọ sí ilé ìléru ńlá. Oxspring ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn ìlà funfun tí wọ́n fà sílẹ̀ fún àwọn àlejò, fìlà lọ́wọ́, bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Clement dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò kí ara wọn.

Wilf wà lókè nínú ẹ̀rọ agbẹ́rù. Ó gbé ìṣù irin náà kọjá lórí wọn. Òjò ti jẹ́ kí ara rẹ̀ pupa díẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé ọ̀pá kúrò. Wọ́n ṣí orí ìléru, Wilf sọ ìṣù náà kalẹ̀ sáàárín àjákù irin tó ti ń rọ̀, wọ́n sì gbé orí ìléru padà. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú ariwo yẹn. Oxspring yọ aago rẹ̀ jáde, ó mú un dání.

Nígbà tí wọ́n dá iná dúró láti wo inú rẹ̀, adáná tó ń wò gba ihò ẹ̀gbẹ́ mi orí. Wilf ti sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, ó wá yọjú lórí èjìká rẹ̀.

"Gbogbo èyí tó yí i ká ti di omi," Wilf sọ, "òun nìkan ló ṣì dúró bí ọba. Ẹ̀yin ọ̀gá, irú tọ́fì wo lèyí?"

Clement yíjú sí Oxspring. Kò mọ̀ pé ìrètí ti yọ sójú òun.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Oxspring sọ. "Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìṣù tó bá tóbi tó yẹn a máa pẹ́ kó tó yọ́. Irin burúkú náà á pẹ́."

Wọ́n tún tan iná. Nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì, adáná na àtàǹpàkò sókè: ó ti tán. Oxspring wo aago. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Ó ti aago náà bọ àpò.

"Ọ̀gá," Clement ní, "mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ fún yín, ó máa dín ẹrù yín kù."

"Mo mọ̀ pé ohun tó o rò nìyẹn." Oxspring dé fìlà rẹ̀, ó fara balẹ̀ tún un ṣe lórí. "Irin tí kò dáa, mo lè gbé e. Mo ti ń gbé e lọ sí Bridlington. Irin tí mi ò mọ̀ bóyá ó dáa, Clement, ibo ni kí n sọ ìyẹn kalẹ̀ sí?"

Ó kọjá láàárín àwọn ọkùnrin tó ń nu òógùn, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde sínú òjò.

Clement dúró títí wọ́n fi tẹ ìléru sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí irin náà sì ṣàn jáde sínú garawa ńlá. Gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan, kò sí ojú tó lè mọ èwo ni ti Oxspring níbẹ̀. Wilf, tó ti padà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kígbe sí i láti òkè pé kó kúrò níbẹ̀ kí iná má ta sí ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó kúrò. Aago mẹ́rin ń bọ̀ wá lù, ó sì ku ẹ̀rọ méjìlá tó gbọ́dọ̀ kà kí wọ́n tó ṣíwọ́ fún ìsinmi.